Bí A Ṣe Fi Agbára Kún Nóòdù Dátábéèsì Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Adó-Èkìtì

Nígbà tí dátábéèsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí à ń bójú tó ní Adó-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé kí a ra nóòdù (ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí dátábéèsì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) tí ó tóbi ju èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ. Èrò náà kò burú, a sì padà rà á nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè tán lára nóòdù dátábéèsì kì í ṣe ẹyọ kan: ó lè jẹ́ CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ), ó lè jẹ́ RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí), ó lè jẹ́ iyára dísíìkì, ó sì lè jẹ́ àyè ìsopọ̀ (iye ìlà tí áàpù lè fi bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì sàn. Mo ń kọ àkọsílẹ̀ yìí fún àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́, ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn ní agbègbè wa, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó yẹ kí owó lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye owó cloud (ẹ̀rọ tí à ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì), àti láti ìgbà tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù ọdún 2023 kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, kò sí akápò tí í fi ojú kékeré wo ìwé owó tí ó bá ti òkè òkun wá.

Ohun tí ó wà nílẹ̀

Inú dátábéèsì yìí ni owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù wà, pẹ̀lú ẹ̀yáwó tí ó gbà, èlé tí ó kàn án àti ìpín tí ó tọ́ sí i lópin ọdún. Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyá ọlọ́jà àti àgbẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì tàn ká láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìkọ̀lé àti Òmùò. Irú tí wọ́n ń pè ní PostgreSQL ni dátábéèsì náà, orí Amazon RDS, iṣẹ́ dátábéèsì orí cloud ti ilé-iṣẹ́ Amazon, ni ó wà, ní ibùdó Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2020. Ilé-iṣẹ́ cloud ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí ó ń ṣe àtúnṣe ètò orí rẹ̀, tí ó sì ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lójoojúmọ́. Bí nóòdù yóò ti tóbi tó àti iye tí yóò jẹ́, àwa ni a ń pinnu ìyẹn.

Server, ìyẹn ẹ̀rọ tí áàpù ẹgbẹ́ ń gbé, náà wà ní Cape Town, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dátábéèsì. Ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ ẹgbẹ́ ṣí lórí fóònù rẹ̀ ní Ìjerò lè bi dátábéèsì ní ogún ìbéèrè kí ó tó jáde tán. Bí áàpù bá wà ní London tí dátábéèsì sì wà ní Cape Town, ogún ìbéèrè náà ni yóò máa gba abẹ́ òkun lọ, tí yóò máa gba abẹ́ òkun bọ̀, kò sì sí nóòdù tí ó lè tóbi tó láti mú ìyẹn kúrò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Côte d'Ivoire, tí àwọn wáyà MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 jọ fara gbá a. Íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, àwọn akápò sì ń pè wá pé dátábéèsì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ara dátábéèsì dá ṣáṣá. Nítorí náà ni a fi sọ ọ́ di òfin pé a kò ní fọwọ́ kan nóòdù láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ ya àkókò tí ìbéèrè ń lò nínú dátábéèsì fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ń lò lójú ọ̀nà.

Nóòdù tí a ní nígbà náà ni db.t3.medium, tí ó ní vCPU (CPU orí cloud) 2 àti RAM 4 GiB (GiB ni òdiwọ̀n àyè dátà), pẹ̀lú dísíìkì irú gp2 tí ó jẹ́ 100 GiB. Méjì rẹ̀ ni à ń san owó rẹ̀: nóòdù àgbà tí ń ṣiṣẹ́, àti nóòdù adúródè tí ó wà ní ilé ẹ̀rọ mìíràn ní agbègbè kan náà. Ohun tí a bá kọ sára àgbà kì í di kíkọ tán títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ adúródè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n adúródè kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí àgbà yóò fi kúrò lórí àlééfà. Alága ẹgbẹ́ bi wá ní ìpàdé kan pé, «Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ló dé tí a fi ń sanwó fún ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan?» A dá bàbá lóhùn pé ohun tí à ń san owó rẹ̀ ni pé kí ìwé owó má parẹ́ bí ilé ẹ̀rọ kan bá kú lóru, àti pé bí a bá fẹ́ mú nóòdù tóbi lọ́jọ́ iwájú, adúródè yìí ni kò ní jẹ́ kí áàpù sinmi pẹ́. Bàbá gbà, ó sì ní kí a kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ìparí oṣù

Bí owó oṣù bá ti wọlé, fáìlì orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n yọ owó wọn láti ibi iṣẹ́ ni a máa ń tú sínú dátábéèsì. Bí fáìlì náà ti ń wọlé lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣí fóònù láti wo iye tí wọ́n ní, tí àwọn akápò sì ń fa àbọ̀ oṣù jáde. A kíyè sí i pé ẹ̀sùn kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nǹkan máa ń lọ geerege fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo yóò dúró bí ẹni pé wọ́n fa ìjánu rẹ̀.

A ṣí pg_stat_activity, àtẹ tí PostgreSQL fi ń fi ohun tí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn, nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ní òpó wait_event (ohun tí ìbéèrè ń dúró dè), ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: DataFileRead. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ìbéèrè ló tò sẹ́yìn dísíìkì, tí wọ́n ń dúró kí ó ka ojú ewé dátà wá fún wọn. CPU kò tí ì dé ìdajì. Bí a bá ti ra CPU ní ọjọ́ náà, owó ìbá bọ́ sómi.

Òdiwọ̀n BurstBalance, tí ń sọ iye àjẹmọ́nú iyára tí ó kù fún dísíìkì, ni ó tú àṣírí ìdajì wákàtí yẹn. Dísíìkì gp2 ní ẹ̀tọ́ sí kíkà tàbí kíkọ mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún GiB kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 300 péré ni ẹ̀tọ́ dísíìkì 100 GiB. Bí ó bá ń sinmi, yóò máa tọ́jú àjẹmọ́nú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tí ó lè fi sáré dé 3,000 nígbà tí iṣẹ́ bá dé; ṣùgbọ́n bí ó bá sáré dé òpin agbára rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjẹmọ́nú tí ó kún dẹ́nu kì í tó ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Bí ó bá ti tán, a padà sí 300, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fáìlì ìparí oṣù tiwa ti dàgbà kọjá ohun tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè gbé.

A yí dísíìkì náà padà sí gp3, èyí tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí PostgreSQL jẹ́ 3,000 láìka bí dísíìkì ti kéré sí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tí ì dé 400 GiB, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú kankan nínú. Áàpù kò dúró nígbà tí ìyípadà náà ń lọ. Kí ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ kàn rántí pé lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ kan dísíìkì báyìí, a kò ní lè tún fọwọ́ kàn án títí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, títí ètò ìtúntò rẹ̀ yóò sì fi parí. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ bá owó oṣù.

Mímú nóòdù àgbà tóbi

Dísíìkì tuntun gba wá lọ́wọ́ ìdúró ojijì yẹn, síbẹ̀ kíkà láti dísíìkì ṣì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. A lo pg_stat_statements láti wo ìbéèrè tí ó ń jẹ àkókò jù. A rí ọ̀kan tí ó ń ka gbogbo àtẹ ìdúnàádúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó tó rí ti ẹnì kan ṣoṣo; a fi CREATE INDEX CONCURRENTLY ṣe atọ́ka fún un, kí àwọn tí ń kọ nǹkan sínú àtẹ náà má baà dúró de wá. Àtúnṣe yìí kò ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀, mo sì gbà gbọ́ pé ó yẹ kí ó máa ṣáájú nóòdù rírà nígbà gbogbo.

Ohun tí ó kù ni RAM. RDS máa ń ya nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin RAM sọ́tọ̀ fún shared_buffers, ibi tí PostgreSQL ń kó àwọn ojú ewé dátà tí ó ń lò lọ́wọ́ sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 8 kB. Lórí nóòdù 4 GiB, kò ju nǹkan bí 1 GiB lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdúnàádúrà ọdún kan pẹ̀lú atọ́ka rẹ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a kà ní àárọ̀ yóò ti kúrò nílẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán.

Nóòdù méjì ni a gbé yẹ̀ wò: db.m5.large tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GiB, àti db.r5.large tí tirẹ̀ jẹ́ 16 GiB. vCPU méjì ni àwọn méjèèjì ní. Bí ó bá jẹ́ pé CPU ni ó ń dùn wá, nóòdù irú m tí ó tóbi sí i ni à bá wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ibi ìkódàtásí nínú RAM ni kò tó, irú r ni ó bá wa mu, nítorí ó fi ìlọ́po mẹ́rin RAM fún wa láìfi CPU tí a kò nílò kún owó. A yan db.r5.large.

Kí a tó ṣe é, a kọ̀wé sí àwọn akápò lórí WhatsApp pé, «Ẹ̀yin akápò wa, a kí yín o. Ní òru òní, lẹ́yìn aago kan, áàpù lè má dáhùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ owó kankan wọlé lásìkò náà. Kò sí ohun tí ó ṣe owó ẹnikẹ́ni.» Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo tẹnu mọ́ pé kí ó wà níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. RDS kọ́kọ́ mú adúródè kúrò lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì jẹ́ kí ó bá àgbà dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbé ipò àgbà fún un, tí ó sì wá yí sí ti àtijọ́ láti mú òun náà tóbi. Ìgbà tí ipò ń yí padà yẹn nìkan ni áàpù kò rí dátábéèsì, ìyẹn sì sábà máa ń wà láàárín ọgọ́ta sí ọgọ́fà ìṣẹ́jú àáyá. Orúkọ tí áàpù fi ń pe dátábéèsì kò yí padà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ó wà lẹ́yìn orúkọ náà yí padà, nítorí náà, áàpù tí ó bá di àdírẹ́sì àtijọ́ mú sínú rẹ̀ yóò máa kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò. A ti rí sí i ṣáájú pé áàpù tiwa ń béèrè àdírẹ́sì lọ́tun ní gbogbo ìgbà tí ìsopọ̀ bá já, ó sì padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ tó. Àgbà tuntun náà ní RAM púpọ̀, ṣùgbọ́n òfìfo ni RAM náà, nítorí adúródè kò dáhùn ìbéèrè rí, kò sì tí ì ka ojú ewé kankan wọlé. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. A lo pg_prewarm láti ka àtẹ ìdúnàádúrà ọdún náà pẹ̀lú atọ́ka rẹ̀ sínú RAM ní òru náà, kí a tó lọ sùn.

Nóòdù ẹ̀dà àti owó àwọn ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń ṣètọ́jú owó ẹlòmíràn gbọ́ wà níhìn-ín. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó máa ń fa àbọ̀ gígùn jáde, tí ọ̀kan nínú wọn lè ṣiṣẹ́ pẹ́ kí ó tó parí, tí yóò sì máa lé ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nílò kúrò nínú RAM. Nítorí ìyẹn ni a fi fi nóòdù ẹ̀dà kún un, èyí tí ó yàtọ̀ sí adúródè: ẹ̀dà máa ń dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n kíkà nìkan ni ó lè ṣe, ohun tí a bá sì kọ sára àgbà kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ìgbà mìíràn kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí fáìlì ìparí oṣù bá ń wọlé, ó lè jìnnà sẹ́yìn gan-an, nítorí ẹ̀dà náà gbọ́dọ̀ tún gbogbo kíkọ wọ̀nyẹn ṣe lára tirẹ̀.

Kí a tó darí ẹnikẹ́ni sí ẹ̀dà pátápátá, a fi àwọn akápò díẹ̀ dán an wò. Màmá akápò kan ní Ìkẹ́rẹ́ tẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wọlé fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Áàpù kọ ọ́ sára àgbà, ó sì lọ ka àpapọ̀ lára ẹ̀dà tí kò tí ì gbọ́. Ni màmá bá pè wá: «Ọmọ mi, mo ti tẹ owó Ìyá Bùnmi wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ṣé kí n tún un tẹ̀ ni?»

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ewu tó wà nínú nóòdù ẹ̀dà. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe, owó kò sọnù, kò sì sí ohun tí òdiwọ̀n kankan lè pariwo lé lórí, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó dájú lójú ara rẹ̀ ti fẹ́ kọ owó kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Lẹ́yìn ìpè náà, a fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbì kan: ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, àti ohunkóhun tí a ó tìtorí rẹ̀ fún ẹnì kan ní ẹ̀yáwó tàbí san owó fún un, ara àgbà ni a ó ti kà á. Àbọ̀ ọdún, àkójọ fún ìpàdé gbogboogbò àti iṣẹ́ àwọn aṣàyẹ̀wò nìkan ni yóò lọ sára ẹ̀dà, àkókò tí dátà dé ibẹ̀ kẹ́yìn yóò sì máa hàn lókè àbọ̀ náà. A sì fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò lè wọ inú àtẹ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó fi jẹ́ pé bí màmá bá tilẹ̀ tẹ ojú ibi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ni owó yóò wọlé.

Ìṣòro kejì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò. Àbọ̀ gígùn wọn ń já lójú ọ̀nà, PostgreSQL sì ń wí pé òun dá ìbéèrè náà dúró nítorí pé ó ta ko ohun tí ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbà. Ìdí rẹ̀ ni pé VACUUM, ètò ìgbálẹ̀ PostgreSQL, ń gbá àwọn ìlà àtijọ́ kúrò lára àgbà, ẹ̀dà sì gbọ́dọ̀ gbá tirẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni àbọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ṣì nílò ìlà wọ̀nyẹn. PostgreSQL fúnra rẹ̀ máa ń mú sùúrù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà ni yóò dá àbọ̀ dúró. Ọ̀nà méjì ni ó wà. A lè tan hot_standby_feedback, kí àgbà máa fi ìlà àtijọ́ pamọ́ nítorí ẹ̀dà, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò jẹ́ kí àtẹ orí àgbà máa wú. Èkejì ni pé kí a fa max_standby_streaming_delay gùn lára ẹ̀dà, kí ẹ̀dà dúró de àbọ̀ parí, kí ó sì jìnnà sẹ́yìn sí i. Nítorí pé a ti yọ àpapọ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lára ẹ̀dà, jíjìnnà sẹ́yìn kò pa ẹnikẹ́ni lára mọ́, a sì mú ọ̀nà kejì.

A fi db.r5.large ṣe ẹ̀dà pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ wu ìgbìmọ̀ pé kí a mú èyí tí ó kéré. Ẹ̀dà tí kò lágbára tó àgbà kò ní lè bá kíkọ ìparí oṣù dọ́gba.

Ìsopọ̀

Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sí PostgreSQL jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí ó dá dúró, tí ó ń jẹ RAM tirẹ̀ yálà ó ń ṣe nǹkan tàbí kò ṣe nǹkan. RDS ń fi bí RAM ti pọ̀ tó ṣírò iye ìsopọ̀ tí yóò gbà, iye tí ó fi sílẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ohun tí ó bọ́gbọ́n mu láti lò lọ. A fi PgBouncer, ètò tí ń pín ìsopọ̀ fún áàpù lò, sáàárín áàpù àti àgbà, ní ìlànà transaction (tí ó ń gba ìsopọ̀ padà bí ìdúnàádúrà kan bá ti parí), kí ìsopọ̀ díẹ̀ lè máa sin ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí áàpù rẹ̀ bá ń lo prepared statement (ìbéèrè tí a ti ṣètò sílẹ̀ ṣáájú), kí ó rí i pé PgBouncer rẹ̀ kò kéré sí 1.21, tí ó jáde ní ọdún 2023, nítorí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò gbà á ní ìlànà yìí.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè ìdí tí a kò fi kàn fi nóòdù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un kí kíkọ náà lè yára. Lórí PostgreSQL tí a ń lò, nóòdù àgbà kan ṣoṣo ni ó ń kọ. Iye ẹ̀dà yòówù tí a bá fi kún un, kíkà nìkan ni yóò pọ̀ sí i. Àwọn dátábéèsì kan wà, bíi Spanner ti Google àti Cassandra, tí wọ́n ń pín kíkọ láàárín nóòdù púpọ̀. Àmọ́ kíkó lọ sí orí wọn túmọ̀ sí pé kí a tún ọ̀pọ̀ nǹkan inú áàpù kọ, kíkọ tiwa kò sì tí ì sún mọ́ ohun tí àgbà kan kò lè gbé. N kò ní gba ẹgbẹ́ níyànjú láti ná owó lórí rẹ̀.

Bí ó ti wà báyìí

Àgbà àti adúródè jẹ́ db.r5.large, wọn yóò sì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kì í ṣe ohun tí a ní láti máa san owó rẹ̀ yípo ọdún: a máa ń dá a sílẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò ìwé owó bá ń bọ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ, a ó sì pa á rẹ́ lẹ́yìn tí ìpàdé gbogboogbò bá ti gba àbọ̀ wọlé, nítorí kò sí ohun tí ó wà lára rẹ̀ tí kò sí lára àgbà. Dísíìkì ni a kò tí ì fi kún kọjá 100 GiB, nítorí a lè fẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà, ṣùgbọ́n a kò lè dín in kù tààrà lára nóòdù kan náà. A ti fi ìkìlọ̀ sí i kí ó ké sí wa nígbà tí àyè tó ṣófo lórí rẹ̀ bá kù díẹ̀, ìgbà náà ni a ó tó fẹ̀ ẹ́.